Ìbínú Àwọn Obìnrin Aba ní Ọdún 1929

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbà pé ọkùnrin nìkan ni ó ni ìgboyà, pé ti obìnrin ni ìbẹ̀rù, ó yẹ kí ó fetí sí ìtàn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn Nàìjíríà ní ọdún 1929.

Ọdún 1928 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gba owó-orí lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin ibẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti kà wọ́n tán. Nítorí náà, nígbà tí Okugo, olóyè ìwé-àṣẹ ní Oloko, rán Mark Emereuwa ní oṣù kọkànlá ọdún 1929 pé kí ó ka àwọn obìnrin àti ẹran ọ̀sìn, ohun tí ń bọ̀ ti yé gbogbo wọn. Ó bá opó kan, Nwanyeruwa, nídìí epo tí ó ń fún. Obìnrin náà bi í léèrè bóyá a ti ka ìyá tirẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni owó epo sì ti wálẹ̀ lọ́jà.

Ìbẹ̀rù ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n ìbínú ni ó gbé e rìn. Ìbẹ̀rù a máa mú ènìyàn jókòó sílé. Ìbínú a máa mú kí ewu kéré lójú rẹ̀. Síbẹ̀, ìbínú tí ó létò ni èyí. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Orin àti ijó ni wọ́n fi dó ti ilé Okugo, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn obìnrin ibẹ̀, títí ìjọba fi gba fìlà oyè lórí rẹ̀ tí ó sì jù ú sẹ́wọ̀n. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ibi tí ìṣirò wọn ti yẹ̀ ni pé wọ́n gbàgbọ́ pé kò sí sójà tí yóò yìnbọn lu obìnrin. Ní Opobo, ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá, àwọn sójà yìnbọn, ènìyàn 32 sì kú. Lápapọ̀, àwọn tí ó kú lé ní 50.

Ikú wọn kò já sí asán. Ètò olóyè ìwé-àṣẹ wó, ìjọba sì tún kóòtù ìbílẹ̀ tò ní ọdún 1933.

Kì í ṣe akọ tàbí abo ni ó ń pinnu ẹni tí yóò fi orí la ewu, bí kò ṣe ohun tí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, àti ohun tí ó gbójú lé pé yóò dáàbò bo òun. Kí aláṣẹ kankan má ṣe ka ìdákẹ́jẹ́ obìnrin sí ìbẹ̀rù.