Àkèré, Abẹ́rẹ́ àti Ìwé Àyẹ̀wò Iṣan

Ìwé tí aláìsàn máa ń gbà bọ̀ láti ibi àyẹ̀wò iṣan kì í lọ́rọ̀ púpọ̀ nínú. Nọ́ńbà ló kún un: ìyára iṣan ìmọ̀lára, gíga ìgbì iná tó jáde, àti ohun tí abẹ́rẹ́ bá pàdé nínú ẹran ara. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣàdédé débẹ̀.

Ní 1791, Luigi Galvani ti ìlú Bologna ní Ítálì kọ̀wé pé ẹsẹ̀ àkèré tó ti kú a máa ta nípàá bí iná mànàmáná bá kàn án, àti pé ara ẹranko fúnra rẹ̀ ní iná nínú. Alessandro Volta takò ó. Inú àríyànjiyàn yẹn ni bátìrì ti jáde ní 1800.

Johannes Müller, àgbà onímọ̀ nípa ara ní Berlin, gbà pé kò sẹ́ni tó máa lè wọn bí iṣẹ́ tí ọpọlọ rán ṣe ń yára tó nínú iṣan. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Hermann von Helmholtz, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní Königsberg, tó ń jẹ́ Kaliningrad lónìí, ó so ẹrù kékeré mọ́ ẹran ẹsẹ̀ àkèré tí iṣan rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Bó bá ti fi iná kan iṣan ni iná mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá nínú ẹ̀rọ tó ń wọn àkókò. Ẹran á súnkì, á gbé ẹrù sókè, iná ẹ̀rọ á sì já. Ìyàwó rẹ̀, Olga, ló ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ibi méjì ló ti fi iná kan iṣan náà, ọ̀kan nítòsí ẹran, èkejì lókèèrè. Ó yọ àkókò kan kúrò nínú èkejì, ó sì fi èyí tó ṣẹ́kù pín gígùn àárín ibi méjèèjì. Èsì tó gbé jáde ní 1850 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 27 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìró ohùn yá jù ú lọ fíìfíì!

Àyẹ̀wò àkèré yìí náà ni wọ́n ń tún ṣe bí wọ́n bá fi iná ta aláìsàn lọ́rùn-ọwọ́, tí wọ́n tún ta á nígbọ̀nwọ́. Lápá àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, mítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń retí. Tẹsẹ̀ lè dín sí bíi 40.

Ìyára ni ojú aláìsàn kọ́kọ́ ń lọ sí, àmọ́ ìdajì ìròyìn péré nìyẹn. Ó ń sọ bí ọ̀rá tó wé mọ́ okùn iṣan ṣe rí. Gíga ìgbì ló ń sọ iye okùn tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ọtí àmujù ti pa ọ̀pọ̀ okùn iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rí ìyára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé lórí ìwé, nítorí ìwọ̀nba okùn tó kù ṣì ń sáré, kí ìgbì sì kéré jọjọ.

Ti abẹ́rẹ́ wá lẹ́yìn. Ní 1929, Edgar Adrian àti Detlev Bronk ki wáyà tín-ín-rín sínú abẹ́rẹ́ oníhò, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnjáde, wọ́n ń tẹ́tí sí ẹran ara. Ẹran tó yá, tó ń sinmi, a dákẹ́. Èyí tí iṣan rẹ̀ ti já a máa pariwo bí òjò tó ń kán sórí páànù. Ṣùgbọ́n ariwo yìí máa ń pẹ́ dé, bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn ìpalára. Ẹni tó bá sáré ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ kẹta ìjàǹbá lè gba ìwé tó dákẹ́ lórí iṣan tó ti já.

Àwọn tó fara pa nígbà Ogun Àgbáyé Kejì wà lára ohun tó gbé ẹ̀rọ wọ̀nyí wọ ilé ìwòsàn. Nígbà tó fi máa di 1956, John Simpson ní Scotland ti fi hàn pé lára àwọn tí ọwọ́ ń ta tí ó sì ń kú tipiri lóru, ọrùn-ọwọ́ gan-an ni iṣan ti ń lọ́ra.

Helmholtz kan náà ló tún rí i pé òtútù ń fa iṣan sẹ́yìn: ìwọ̀n Celsius kan tí ọwọ́ bá fi tutù lè bu bíi mítà 2 kúrò nínú ìyára. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú ọwọ́ gbóná kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí gbogbo iṣan bá lọ́ra díẹ̀ lórí ìwé, tí kò sì sí ìwọ̀n ooru ara níbẹ̀, aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti bi dókítà bóyá ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ ní yàrá lọ́jọ́ náà.