Ta Ló Kọlà fún Mọ́tò Àǹtí?

Aago mẹ́fà àárọ̀ kọjá díẹ̀

Ìrì sẹ̀ gan-an mọ́jú Sátidé yẹn. Oṣù kọkànlá ni, òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ n'Íbàdàn, ọyẹ́ kò sì tíì dé. Àsìkò tí ojú ọ̀run máa ń mọ́ kedere lóru nìyẹn. Mọ́tò Àǹtí mi wà níbi tó máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, lábẹ́ ẹ̀ka máńgòrò tó na ọwọ́ wá láti ọgbà kejì. Funfun ni, tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìrọ̀lẹ́ àná ni àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò ní oríta fọ̀ ọ́, tó ń kọ mànà. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti wà á wọlé, kò jáde mọ́.

Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mọ́tò ti kọlà. Pélé mẹ́ta lábẹ́ dígí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta lábẹ́ ti òsì, òmíràn tún gùn láti igun wíńdò ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, gbogbo wọn dúdú kirikiri. Àǹtí dúró tì í pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó dájọ́.

"Jẹnẹrétọ̀ àwọn wọ̀nyí ni," wọ́n ní, wọ́n fi ẹnu júwe ilé kejì. "Dísù ni wọ́n ń bù sí i. Èéfín rẹ̀ ló ń ba ọkọ̀ mi jẹ́."

Ẹ̀sùn náà kò ṣàìní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Páìpù jẹnẹrétọ̀ yẹn kọjú sí fẹ́ǹsì wa gan-an, bí iná bá sì ti lọ, òru ni, ọ̀sán ni, kò ní í sinmi.

Aago méje

Wọ́n ti ń pè fún bọ́kẹ́ẹ̀tì àti kànrìnkàn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ ná, torí ìdọ̀tí tí a kò tíì nù ṣì lè rojọ́.

Àwọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Eruku ojú ọ̀nà wa, pupa ni; tó bá bá omi ṣàn lára ọkọ̀ funfun, pupa rẹ̀ kì í fara sin. Dúdú ni èyí. Mo fi ìka kàn án, ó ń yọ̀ díẹ̀: epo wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn àwọ̀, ọ̀nà tó gbà. Omi tó bá ń ṣàn lára mọ́tò tó ń sáré kì í sọ̀ kalẹ̀ tààrà. Afẹ́fẹ́ á tì í sẹ́yìn, ipa rẹ̀ á dà gbè sí ọ̀nà búùtù. Ṣánṣán ni tiwa yìí dúró. Orí ìdúró ni wọ́n ti kọ ọ́. Ìyẹn nìkan ti tú àwọn kan sílẹ̀ nínú ẹjọ́: ọ̀dà títì, eruku bíréèkì, àti gírísì tó máa ń ta jáde bí róbà ṣáfúù bá ya. Àwọn yẹn ń dúró de ìgbà tí táyà bá yí, ẹ̀bá táyà náà la sì ti sábà ń bá wọn.

Ṣùgbọ́n ibi tí ilà ti bẹ̀rẹ̀ ló wúlò jù lójú tèmi, òun náà sì ni àwọn ènìyàn kì í wò, torí ibi tó parí sí ló ń bí wọn nínú. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo tọpa wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ láàárín ilẹ̀kùn. Àwọn pélé mẹ́fà náà, ìsàlẹ̀ dígí ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá. Èyí tó dá wà lẹ́yìn, ìdí róbà tó yí wíńdò ká ni orí rẹ̀ wà. Ohun tó bá jábọ́ láti ojú ọ̀run kì í ṣa ibi bà báyìí.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀

A kò lè dá jẹnẹrétọ̀ lẹ́jọ́ láìwádìí. Mo mú hánkíṣíìfù funfun, mo fi nu orí mọ́tò, mo nu bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo nu búùtù. Omi ìrì ni mo rí, àti eruku ráńpẹ́. Èéfín dísù kì í ṣe ojúsàájú: ohun tó bá la ojú sókè ló máa ń bà lé, òrùlé ọkọ̀ sì ni ìbá kọ́kọ́ dúdú. Kò sí bí á ṣe fo òrùlé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì dá, kó wá lọ forí pamọ́ sábẹ́ dígí.

Àǹtí yẹ hánkíṣíìfù náà wò tinú-tẹ̀yìn. "Bóyá afẹ́fẹ́ ni ò gba ibí lánàá," wọ́n ní.

Máńgòrò lèmi fura sí ju jẹnẹrétọ̀ lọ. Àwọn kòkòrò wínníwínní kan wà tó máa ń mu omi ara ewé rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá yà jáde dùn, ó sì ń lẹ̀, olú dúdú kan sì máa ń hù lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ewé máńgòrò tó dúdú lójú bí ẹni fi èédú pa á ti rí i. Ṣùgbọ́n tótòtó ni ìyẹn máa ń tò sórí ọkọ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Kò sí ẹyọ kan lórí tiwa. Máńgòrò ń lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Aago mẹ́wàá

A wà á lọ sí oríta. Àwọn ọmọ tó fọ̀ ọ́ rò pé ìjà la bá wá, ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ti ń dọ̀bálẹ̀ kí a tó dúró.

"Màmá, ẹ má bínú, a fọ̀ ọ́ dáadáa o. A tiẹ̀ tún bá yín fi òróró pa táyà, a fi pa àwọn róbà wíńdò àti ìdí dígí, kó lè dán. A ò gba owó ìyẹn lọ́wọ́ yín."

Mo ní kó fi ike òróró náà hàn mí. Òróró sílíkóònù ni, irú èyí tí wọ́n máa ń fi mú táyà dán. Kò ní orúkọ lára, ike omi ni wọ́n bù ú sí. Mo fún ọmọ náà lówó ọtí ẹlẹ́rìndòdò, a bá tiwa lọ.

Aago méjìlá ọ̀sán kọjá

A dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá pẹ́ńtà kan tí mo mọ̀, tó ti ń kun mọ́tò láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Kò dúró gbọ́ ìtàn wa tán. Ó ya àkísà funfun kan, ó rì í sómi, ó fi nu róbà wíńdò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àkísà yí dúdú. Ó yí ojú rẹ̀ padà, ó tún nù ún, dúdú ni. Ó fún un, ó nù ún nígbà kẹta, kò yí padà.

"Ẹ wò ó, màmá," ó ní, "ìdọ̀tí kọ́ ni gbogbo èyí. Róbà yìí fúnra rẹ̀ ló ń ṣí."

Òótọ́ ló sọ. Róbà tí wọ́n ń pè ní EPDM ni wọ́n sábà ń fi yí wíńdò mọ́tò ká, wọ́n sì máa ń po lúbúlúbú dúdú kan mọ́ ọn tí àwọn oníṣẹ́ róbà ń pè ní carbon black. Lúbúlúbú yìí ló ń mú kí róbà le, òun náà ló ń gba ìtànṣán oòrùn sára kó má bàa tètè jẹ róbà. Òun ló sọ táyà di dúdú. Táyà àtijọ́ kò dúdú. Àwòrán ọkùnrin alára táyà tí ilé-iṣẹ́ Michelin ti Faransé gbé jáde lọ́dún 1898, funfun ló ṣì wà títí dòní. Bí róbà bá ti wà nínú oòrùn wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú rẹ̀ á gbẹ, á máa ṣí wínníwínní, carbon black tó wà nínú rẹ̀ á sì ríbi jáde. Omi ló kù kó wá gbé e.

Àwọn ọmọ oríta wá fi òróró kún un. Sílíkóònù kì í gbẹ bọ̀rọ̀: ó ń di eruku mú, ó ń yọ́ mọ́ lúbúlúbú dúdú yẹn, ó sì ń dúró.

"Dígí ńkọ́?" Àǹtí bèèrè. "Gíláàsì ni ìyẹn, kì í ṣe róbà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka tẹ dígí náà wọnú lápá kan, omi ọṣẹ àná ṣàn jáde lápá kejì, ó dúdú. Inú ilé dígí ẹ̀gbẹ́ ṣófo. Omi ń ráàyè wọlé yíká gíláàsì, ihò kékeré ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló sì ń gbà jáde díẹ̀díẹ̀. Eruku ọdún gbọọrọ ló wà nínú ti ọkọ̀ yìí. Róbà pẹlẹbẹ kan tún wà láàárín ìdí dígí àti ilẹ̀kùn, wọ́n ti fi òróró pa òun náà.

Ó ku ẹni tó da omi sí i lóru, nígbà tí òjò kò rọ̀. Ìrì ni. Ìrì kì í já bọ́ láti òkè bí òjò. Ara irin àti gíláàsì ló ń tutù kọjá afẹ́fẹ́ tó yí i ká bí ojú ọ̀run bá mọ́, omi inú afẹ́fẹ́ á sì dì mọ́ ọn. Ti orí òrùlé á kóra jọ, á gba etí wíńdò sọ̀ kalẹ̀, á gba orí róbà kọjá, á sì gba ìdí dígí. Iṣẹ́ olóòlà parí kí àkùkọ tó kọ.

Aago méjì

Mo ní kí ọ̀gá fọ apá òsì nìkan, kó má fọwọ́ kan ọ̀tún. Ó wò mí bí aláìmọṣẹ́, ṣùgbọ́n ó gbà. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ mọ́tò díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí wọ́n fi ń fọ eyín. Ó ń fọ̀ ọ́, ó ń ṣàn án, ó ń fi àkísà funfun dán an wò, títí àkísà fi jáde pẹ̀lú eérú lásán. Ó da omi sínú ilé dígí títí èyí tó ń jáde fi mọ́ gaara. Iṣẹ́ náà gbà ju wákàtí kan lọ, Àǹtí sì sùn lórí bẹ́ńṣì.

Aago mẹ́rin

Ó nu gbogbo ara ọkọ̀ gbẹ, ó wá gun àpótí, ó rọra ń da omi kẹ́tùlù sórí òrùlé, sí ọ̀tún àti sí òsì, lọ́gbọọgba. A dúró. Lápá òsì, omi lásán ló sọ̀ kalẹ̀. Lápá ọ̀tún, pélé àkọ́kọ́ ti ń yọjú kí ọ̀gá tó sọ kẹ́tùlù kalẹ̀. Àǹtí yí mọ́tò náà po, wọ́n wo ìhín, wọ́n wo ọ̀hún, wọn ò sọ nǹkan kan.

Aago márùn-ún kọjá

Apá ọ̀tún gba ìwẹ̀ tirẹ̀. Fún ilà tó ti gbẹ mọ́ ọ̀dà, ọṣẹ ni ọ̀gá kọ́kọ́ lò, káńpáùnù díẹ̀ níbi tó bá kọ̀. Ọmọṣẹ́ kan mú tínà wá, ọ̀gá lé e padà: tínà á gbé ilà lọ, á gbé ọ̀dà tẹ̀ lé e. Káńpáùnù pàápàá kì í ṣe ohun à ń lò lójoojúmọ́, torí òkè ọ̀dà tó mọ́ gaara lára mọ́tò kò nípọn ju bí ìdá kan nínú ogún mìlímítà lọ, káńpáùnù sì ń họ nínú rẹ̀. Ó fi wáàsì pa á lẹ́yìn náà, kí ìdọ̀tí tó ń bọ̀ má rí ibi dì mú.

Róbà wíńdò ẹ̀yìn kò ní í pẹ́ lọ títí. Fífọ̀ á ràn án lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń sán. Ọ̀gá ní tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n gbé ògbólógbòó rẹ̀ dání lọ sí ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò ti Ararọ̀mí ní Gate, kí wọ́n má rà á lórí ọ̀rọ̀ ẹnu, torí róbà tó bá fi díẹ̀ yàtọ̀ á máa jẹ́ kí omi wọlé. Àwọn ọmọ oríta lè fọ ọkọ̀ lọ, kí wọ́n sáà fi òróró wọn mọ sórí táyà.

Aago mẹ́jọ alẹ́

Iná lọ. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, gíláàsì wíńdò pálọ̀ ń gbọ̀n.

"Àǹtí, a ti dá a láre o," mo ní.

"Ti ọkọ̀ nìkan lo dá a láre," wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n ń wá bàtà wọn. "Ti oorun mi ńkọ́?"

Wọ́n ti dé géètì kí n tó rí tọ́ọ̀ṣì mú.