Ogún, Ìwé Ìhágún àti Iṣẹ́ Agbẹjọ́rò: Ohun tó Yẹ kí Ará Ìbàdàn Mọ̀ Kí Ọlọ́jọ́ Tó Dé

Bí wọ́n bá sin òkú tán, tí wọ́n ti ká àtíbàbà, tí àwọn àlejò sì ti túká, ìgbà náà ni ìjà mìíràn máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹbí. Ta ni yóò mú kọ́kọ́rọ́ ilé tó wà ní Bódìjà? Ta ni yóò máa gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé Agbowó? Ta ni ó ni ṣọ́ọ̀bù Dùgbẹ̀, ta ni yóò sì buwọ́ lùwé kí báńkì tó yọ̀ǹda owó olóògbé?

Àwọn ìbéèrè báyìí ló ń gbé opó, ọmọ àti àbúrò olóògbé dé ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò ní Dùgbẹ̀, Ring Road àti Challenge. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti máa ń kọ́kọ́ gbọ́ pé ohun tí olóògbé ní lọ́kàn kò tó. Irú ìgbéyàwó tí ó ṣe, ẹ̀sìn tí ó ń ṣe àti ìwé tí ó fi sílẹ̀ ni òfin ń wò kí ó tó sọ ẹni tí yóò jogún rẹ̀.

ÀṢÀ ÌBÍLẸ̀

Bí ọmọ Yorùbá kan tó gbé ìyàwó lọ́nà ìbílẹ̀ nìkan bá kú láìkọ ìwé ìhágún, àṣà ìbílẹ̀ ni yóò darí ogún rẹ̀. Lábẹ́ àṣà yìí, ọmọ ni ó ń jogún bàbá. Bí ọmọ bá wà láyé, àbúrò olóògbé kò ní ẹ̀tọ́ sí ilé tí olóògbé fi òógùn ojú ara rẹ̀ kọ́, bí ó ti wù kí ó pariwo tó lọ́jọ́ ìsìnkú. Ọmọbìnrin náà ní ẹ̀tọ́ bíi ti ọmọkùnrin. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí wọ́n parí ní Èkó ní 1909, ilé ẹjọ́ gbà pé obìnrin tó jẹ́ àgbà láàrin àwọn ọmọ lè di olórí ẹbí.

Ilé tí bàbá fi sílẹ̀ lọ́nà yìí ti di ilé ẹbí. Ọmọ kan ṣoṣo kò lè dá a tà. Bí ọmọ ẹbí kan bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, títà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí ló sì dá a tà láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà ẹbí, àwọn ọmọ ẹbí tó kù lè lọ sí kóòtù kí wọ́n sì gba ilé wọn padà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ra ilé ní Ìbàdàn ni wọ́n ti kó sínú wàhálà nítorí pé wọn kò béèrè bí ilé náà ṣe dé ọwọ́ ẹni tó tà á fún wọn.

Ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà pín ogún: ìdí-igi àti orí-òjorí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyàwó méjì ni bàbá kan ní; ìyálé bí ọmọ márùn-ún, ìyàwó kejì bí ẹyọ kan. Bí ó bá jẹ́ ìdí-igi, ọ̀nà méjì ni wọn yóò pín ogún sí: ọmọ kan ṣoṣo yóò kó ìdajì, àwọn márùn-ún yóò pín ìdajì yòókù láàrin ara wọn. Bí ó bá jẹ́ orí-òjorí, ọ̀nà mẹ́fà ni, orí kan, ìpín kan.

Èwo nínú méjèèjì ni òfin gbà? Ẹjọ́ ẹbí Dáwódù ti Èkó ló yanjú èyí. Suberu Dawodu kú láìkọ ìwé, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà sọ pé ìdí-igi kò bá ìgbà mu mọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nígbà náà yí ìdájọ́ yìí padà ní 1958, ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí i ní 1962: ìdí-igi ni àṣà Yorùbá ní gbogbogbòò, ṣùgbọ́n bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, olórí ẹbí lè pinnu pé kí wọ́n fi orí-òjorí pín in. Èyí fi hàn pé ẹni tí ẹbí fi ṣe olórí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ibi tí bàtà ti ń ta opó lẹ́sẹ̀ rèé: àṣà yìí kò fún ìyàwó ní ogún ọkọ rẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń bá lọ. Nínú ẹjọ́ Akinnubi ní 1997, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé opó tí wọ́n fẹ́ lọ́nà ìbílẹ̀ kò lè jogún ọkọ rẹ̀ tàbí kí ó ṣàkóso ogún náà. Ní 2014, ilé ẹjọ́ kan náà bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà kan ní Awka, nílẹ̀ Ìgbò, tí wọ́n fẹ́ fi lé opó tí kò bí ọmọkùnrin kúrò nílé ọkọ rẹ̀. Ìdájọ́ yìí ti fún àwọn opó ní ìrètí, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé tó bá gbójú lé ìrètí nìkan, láìsí ìwé kankan lọ́wọ́, kò tíì bọ́ nínú ewu.

ÌGBÉYÀWÓ KÓÒTÙ ÀTI Ẹ̀SÌN MÙSÙLÙMÍ

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bí tọkọtaya bá ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, ìbáà ṣe ní kóòtù tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní àṣẹ. Òfin ìṣàkóso ogún tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní 1959, tí àwọn ìpínlẹ̀ tó jáde lára rẹ̀ jogún, fún ọkọ tàbí aya tó kù ní ohun ìlò inú ilé àti ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní tó kù. Àwọn ọmọ ni ó ni ìdá méjì yòókù. Ìwé pélébé tí wọ́n fi fún tọkọtaya lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tí ọ̀pọ̀ ń jù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lè jẹ́ òun ni yóò gba opó sílẹ̀.

Ọkọ tó ti ṣe ìgbéyàwó kóòtù kò tún lè fẹ́ obìnrin mìíràn lábẹ́ òfin. Obìnrin tí ó bá kó wọlé lẹ́yìn náà kì í ṣe ìyàwó, kò sì lè gba ìpín opó. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá bí fún un kò pàdánù ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ wa ti 1979, títí dé ti 1999 tó wà lóde báyìí, a kò gbọ́dọ̀ fi ìyà jẹ ọmọ nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà bí i. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ fi máa ń yọjú lẹ́yìn ìsìnkú, tí ilé ẹjọ́ sì máa ń gbọ́ tẹnu wọn.

Ní ti Mùsùlùmí, ìpín ti wà nílẹ̀ nínú Àlùkùránì. Bí ọmọ bá wà, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti opó. Bí opó bá ju ẹyọ kan lọ, wọn yóò jọ pín in. Ọmọkùnrin gba ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin. Ohun tí Mùsùlùmí lè há fún ẹni tí kò sí lára àwọn ajogún kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ní 2007, nínú ẹjọ́ Ajibaiye tó wá láti Ìpínlẹ̀ Kwara, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò gbà pé kí Mùsùlùmí Yorùbá fi ìwé ìhágún kọjá ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ là sílẹ̀. Mùsùlùmí tó bá fẹ́ kọ ìwé yìí, kí ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ agbẹjọ́rò tó mọ òfin méjèèjì.

ÌWÉ ÌHÁGÚN

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ìwé yìí sétí. Wọ́n ní ẹni tó bá kọ ọ́ ń pe ikú. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ló sọ pé bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹni tó kọ ìwé ìhágún kò fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí yóò fi kú; ó lè yí i padà nígbà tó bá wù ú.

Òfin rẹ̀ kò le. Ó gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ wà ní orí pípé, kí ó sì buwọ́ lù ú lójú ẹlẹ́rìí méjì, ó kéré tán, tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ẹlẹ́rìí yóò sì buwọ́ lù ú lójú rẹ̀. Ẹni tí a há nǹkan fún, tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Bí ó bá ṣe é, ìwé náà dúró, ṣùgbọ́n ohun tí a há fún un ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé yìí ní ààlà. Òfin ìhágún Ìwọ̀-Oòrùn ti 1959 ní kí a má ṣe fi rékọjá àṣà ìbílẹ̀ ẹni. Lórí irú òfin yìí ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi sọ ní 1991, nínú ẹjọ́ Idehen, pé ọmọ Bìní kò lè fi ìwé ìhágún gba Ìgíogbè, ìyẹn ilé tí bàbá gbé títí ó fi kú, lọ́wọ́ àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin. Bákan náà ni ọmọ Yorùbá kò lè há ilé ẹbí fún ọmọ tirẹ̀ nìkan.

Ìgbéyàwó lábẹ́ òfin lè pa ìwé tí ẹni kọ ṣáájú rẹ̀ rẹ́. Ó wá di ìjà lórí ìwé Olóyè Festus Okotie-Eboh, mínísítà ètò ìnáwó tí wọ́n pa ní January 1966, bóyá ìgbéyàwó kóòtù tí ó padà ṣe ti pa ìwé rẹ̀ rẹ́. Ní 1996, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ pé kò pa á rẹ́, nítorí obìnrin tí ó ti fẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ́nà ìbílẹ̀ náà ni ó tún mú lọ sí kóòtù. Ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó lẹ́yìn tó kọ ìwé, kí ó tún un kọ.

OHUN TÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍ RING ROAD

Ní ilé ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó wà ní Ring Road, ọ́fíìsì kan wà tó ń mójú tó ètò ogún. Bí olóògbé bá kọ ìwé ìhágún, àwọn tí ó yàn láti mú un ṣẹ ni yóò gba ìwé àṣẹ níbẹ̀. Bí kò bá kọ ọ́, àwọn ẹbí yóò béèrè fún ìwé àṣẹ láti ṣàkóso ogún. Wọn yóò mú ìwé ẹ̀rí ikú lọ, àkọsílẹ̀ ohun ìní àti gbèsè, ìbúra àti onídùúró. Wọn yóò san owó fún ìjọba, wọn yóò sì kéde rẹ̀ kí ẹni tó bá ní àtakò lè yọjú.

Kí àṣẹ yìí tó jáde, ẹni tó bá ń gba owó ilé tàbí tó ta ọkọ̀ olóògbé lè rí i kí ilé ẹjọ́ béèrè ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣìṣe mìíràn tó wọ́pọ̀ ni ti fọ́ọ̀mù báńkì tàbí ti ibi iṣẹ́. Orúkọ ẹni tí a kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìbátan tó sún mọ́ni jù lọ kò sọ onítọ̀hún di ajogún. Ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ ké sí ni.

OKÒWÒ ŃKỌ́?

Ṣọ́ọ̀bù tí ènìyàn kan fi orúkọ sílẹ̀ fún lásán kò yàtọ̀ sí ẹni tó ni ín. Bí ó bá kú, okòwò náà di ara ogún. Iléeṣẹ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kọ́ńpìnnì kì í kú. Ìpín olóògbé nínú rẹ̀ nìkan ni àwọn ọmọ ń jogún. Láyé àtijọ́, ó kéré tán, ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Òfin tuntun ti 2020 gba ẹnì kan ṣoṣo láyè. Fún oníṣòwò Dùgbẹ̀ tó ní ọmọṣẹ́ àti gbèsè, èyí yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò. Bí ọ̀rẹ́ méjì bá sì jọ ń ṣòwò, kí wọ́n kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọ̀kan bá kú sínú ìwé àdéhùn wọn.

TA NI KÍ Ẹ LỌ BÁ?

Ìbàdàn kò ṣaláìní agbẹjọ́rò. Ìlú yìí ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ṣe iṣẹ́ òfin lẹ́yìn tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní 1946. Níbẹ̀ ni Olóyè Fọlákẹ́ Ṣólàńkẹ́ ti ṣiṣẹ́, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di SAN, ní 1981. Ibẹ̀ náà ni Ààrẹ Afẹ́ Babalọlá ti dá ọ́fíìsì rẹ̀ sílẹ̀ ní 1965.

Òfin kò fún ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò láyè láti gba owó kọ ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé tí wọn yóò fi béèrè fún àṣẹ ogún. Nítorí náà, kí ẹ yẹra fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ béèrè orúkọ agbẹjọ́rò náà bó ṣe wà nínú ìwé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, kí ẹ sì wo òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò lára ìwé rẹ̀. Opó tí kò lówó lọ́wọ́ lè kàn sí FIDA, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kó ìwé ìgbéyàwó, ìwé ilẹ̀, orúkọ àwọn báńkì àti orúkọ gbogbo ọmọ yín jọ, títí kan àwọn tí ẹ kì í dárúkọ nílé. Èyí tí ẹ bá fi pamọ́ fún agbẹjọ́rò, òun ni yóò jáde lọ́jọ́ tí ẹ kò ní sí níbẹ̀ láti ṣàlàyé.