Òkìtì Ibojì àti Ibojì Tí Kò Ní Òkìtì

Àwọn àgbà ní ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnìkan kò wá. Níhìn-ín, ní Ọ̀yìngbò gan-an, kò sí ẹni tí yóò jiyàn ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìtàn kì í ṣe ọjà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé bí òkú ẹyọ kan bá sọnù mọ́ ìtàn lọ́wọ́, àdánù ńlá ni.

Ní Durbi Takusheyi, nítòsí Katsina, àwọn òkìtì kan wà tí àwọn ará ìgbàanì mọ sórí ibojì àwọn ẹni ńlá wọn. Herbert Palmer walẹ̀ níbẹ̀ ní 1907. Dierk Lange náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1992. Ohun ọ̀ṣọ́ wúrà àti ohun èlò idẹ tí a bá nínú ibojì wọ̀nyí jẹ́rìí sí i pé òwò ti so ilẹ̀ Haúsá pọ̀ mọ́ ilẹ̀ òkèèrè tipẹ́tipẹ́. Ní Sẹ̀nẹ̀gà àti Gámbíà pẹ̀lú, òkìtì ibojì pọ̀ láàárín àwọn òkúta ńlá tí a tò ní òbìrìkìtì. Ní 2006 ni UNESCO kọ mẹ́rin nínú àwọn ibùdó náà sínú ìwé ogún gbogbo ayé.

Òkìtì kò ṣòro láti dáàbò bò, nítorí ojú ń rí i. Àwa ńkọ́? Inú ilé ni àwọn baba ńlá wa ń sin àgbà sí; bí ilé bá wó, ta ni yóò júwe ojú oórì? Ẹ wo Ihò Eléérú, nítòsí Àkúrẹ́, tí ìwé òyìnbó ń pè ní Iwo Eleru. Kò sí òkìtì níbẹ̀, abẹ́ àpáta lásán ni. Níbẹ̀ ni Thurstan Shaw àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti rí egungun ènìyàn kan ṣoṣo ní 1965. Ó ti lé ní 11,000 ọdún tí a ti sin ín. Ní 2011, Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé agbárí náà jọ ti àwọn ènìyàn tí ó ti wà ṣáájú rẹ̀ fíìfíì. Ẹnìkan ṣoṣo yìí ni ó mú kí àwọn onímọ̀ tún ìtàn ìran ènìyàn ní Áfíríkà rò.

Òfin kò ṣàìsí. Èyí tí ìjọba ṣe ní 1979 kà á léèwọ̀ láti walẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba ìwé àṣẹ. Ó sì pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá ṣàdéédé rí irú rẹ̀ fi tó Àjọ tí ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìrántí létí láàárín ọjọ́ méje. Ṣùgbọ́n bíríkìlà tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Mushin tàbí Yaba, ta ni ó sọ fún un?

Nítorí náà, èrò mi ni pé kí a má fi ààbò mọ sí orí òkìtì nìkan. Kí a kọ́ onílé, ọmọ onílẹ̀ àti bíríkìlà ní ohun tí òfin wí, ní èdè tí wọ́n gbọ́. Ṣọ́bìrì kan péré tó láti fọ́ agbárí tí ilẹ̀ ti pa mọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sì sí ọgbọ́n tí a lè fi dá a padà.