Sídì fíìmù, sídì orin, àti ohùn agogo Ọ̀wọ̀

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀. Mo fẹ́ sọ ìtàn bí sídì tó gbé àwòrán wọ ilé wa, láti Ọ̀wọ̀ títí dé Ìfọ̀n, ṣe gé ohùn wa kù.

2/ Tí ọdún Ìgogo bá dé l'Ọ́wọ̀ lóṣù kẹsàn-án, a kì í lu ìlù. Agogo là ń lù, ní ìrántí Orọnsẹn, olorì Ọlọ́wọ̀ ayé àtijọ́. Irin ni agogo. Ohùn rẹ̀ máa ń ta lójijì, á sì máa dún lọ sókè réré.

3/ Lọ́dún 1982, CD jáde. Ìgbà 44,100 ló ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bíìtì tó ń lò fún un lé ní 1,400,000. Lọ́dún 1993, VCD dé. Awo kan náà ni, àmọ́ àwòrán gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀. Wọ́n bá fún ohùn pọ̀ di bíìtì 224,000. Ìdá kan nínú mẹ́fà ló kù!

4/ Báwo ni wọ́n ṣe fún un? Wọ́n yọ ohun tí wọ́n gbà pé etí ò ní gbọ́. Ohùn tó ń ta lójijì bíi ti agogo ló sì ṣòro jù láti fún pọ̀ láìbà á jẹ́.

5/ DVD dé lọ́dún 1996. Àwòrán mọ́ sí i, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ohùn tí wọ́n fún pọ̀ náà ló gbé.

6/ Lọ́dún 1999, Sony àti Philips gbé SACD jáde. DVD-Audio tẹ̀ lé e lọ́dún 2000. Orin ni wọ́n fi àyè ibẹ̀ sí. DVD-Audio lè wọn ohùn nígbà 192,000 ní ìṣẹ́jú àáyá. Pílẹ́yà DVD lásán ò mọ èdè wọn. Tó bá tilẹ̀ kọrin, ẹ̀dà kékeré tí wọ́n fi kún awo náà ló ń kọ.

7/ Ṣé ká wá máa sunkún SACD? Rárá o. Lọ́dún 2007, Meyer àti Moran tẹ ìwádìí kan jáde: àwọn tó gbọ́ ọ ò lè fìyàtọ̀ sáàárín SACD àti ohùn tó rí bíi ti CD. Àárín CD àti VCD ni àdánù wa wà.

8/ VCD ni ọ̀pọ̀ fídíò ọdún ìbílẹ̀ tí mo rí nílé wa àti nílé àwọn mọ̀lẹ́bí. Ohun tí wọ́n yọ kúrò ò lè padà mọ́. Ẹ bá tún gbé e sórí WhatsApp, wọ́n tún fún un pọ̀ nìyẹn.

9/ Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ya fídíò nígbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo inú àpótí. Tí kásẹ́ẹ̀tì MiniDV tẹ́ ẹ fi yà á bá ṣì wà, ohùn orí ẹ̀ lè má dín sí ti CD. Ẹ dà á sí kọ̀ǹpútà bíi WAV tàbí FLAC kó tó bàjẹ́. Àwọn kan tó lu agogo yẹn ti lọ. Ibẹ̀ nìkan la ti lè gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe lù ú.