Ojúbọ Ló Tọ́jú Ìtàn: Ìrìn-àjò láti Ilé-Ifẹ̀ dé Ọ̀yọ́-Ilé

Lọ́pọ̀ ìgbà tí a bá ń túmọ̀ ẹsẹ Ifá, a máa ń pàdé orúkọ ìlú: ìlú tí a ti dá Ifá, ìlú tí ẹni tí a dá a fún ti wá, ìlú tó ń lọ. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé a máa fo orúkọ wọ̀nyí kọjá, wọn a sáré lọ síbi ẹbọ àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Èmi kì í lè fò ó. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń fi ẹsẹ̀ ara mi tọ àwọn ìlú àti ahoro wọ̀nyí lọ, ohun kan sì ń hàn sí mi síwájú sí i. Níbi tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ohun gidi ní ilẹ̀ wa, lọ́pọ̀ ìgbà, ojúbọ ló ti ń ṣọ́ ibẹ̀ kí wọ́n tó dé. Níbi tí aborè bá sì ti ṣíwọ́, kì í pẹ́ tí ilé tàbí oko yóò fi gba ilẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó bá ń retí òkúta tí a tò jọ gàgàrà, irú èyí tó wà ní Íjíbítì, yóò kọ́kọ́ rò pé wọ́n tan òun jẹ ni. Amọ̀ ni àwọn baba ńlá wa fi mọ ilé. Amọ̀ tí òjò bá sì ń pa láìsí ẹni tó ń tún un rẹ́, ilẹ̀ ló ń padà sí. Òtítọ́ ni pé Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ṣì dúró, òkúta tó ga ju mítà márùn-ún lọ, tí wọ́n gbá ìṣó irin mọ́ lára. Ṣùgbọ́n Ifẹ̀ àtijọ́ fúnra rẹ̀, abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń lọ ra ata lọ́jà ló wà.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí àpáàdì. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn ará Ifẹ̀ a máa to àpáàdì ní ìdúró, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, wọn a fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun sí i láàárín, títí àgbàlá ilé, ojú ọ̀nà àti iwájú ojúbọ yóò fi di ibi tí òjò kò lè sọ di ẹrẹ̀. Ìtàn ẹnu ní Ifẹ̀ ka iṣẹ́ yìí sí ti Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ẹni tí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀. Ohun tó mú mi dúró pẹ́ ni pé ní àárín àwọn àgbàlá kan, wọ́n ri ìkòkò mọ́lẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì bá ojú ilẹ̀ dọ́gba. Àwọn awalẹ̀pìtàn wo ihò náà, wọ́n ní ibi tí a ti ń ta ohun mímu sílẹ̀ fún irúnmọlẹ̀ ni. Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Awo lẹ́nu. Ẹni tó bá ti ta omi tútù sílẹ̀ níwájú ojúbọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá mọ ìdí tí ilẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ní ẹnu.

Ní ọdún 1971, Peter Garlake walẹ̀ níbì kan tí wọ́n ń pè ní Ilẹ̀ Ọbalára. Lára ohun tó hú jáde ni ìkòkò kan tí wọ́n ya ojúbọ sí lára. Nínú ojúbọ náà, orí mẹ́ta ló tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Èyí tó wà láàárín ní ojú, imú àti ẹnu bí ti ènìyàn gan-an. Méjì tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ rí ṣóńṣó bí òkòtó tí a dojú dé, ojú wọn kò sì ju àmì lásán lọ. Ó lè rú ẹlòmíràn lójú pé àwọn tó mọ ojú ènìyàn mọ tó báyìí tún mọ̀ọ́mọ̀ ṣe èyí tí kò jọ ènìyàn. Ní tèmi o, orí òde àti orí inú ni mo rí. Ẹni tó bá ti rí ìbọrí tí a fi owó ẹyọ bò mọ̀ pé ṣóńṣó ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti wí irú rẹ̀ ṣáájú mi, n kò sì rí ìdí tí a ó fi wá ìtumọ̀ mìíràn lọ sókèèrè. Ìkòkò yìí ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún. Nígbà tí a bá ń ka àwọn ẹsẹ tó wà nínú Ògúndá Méjì nípa orí, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ẹnì kan ti fi amọ̀ kọ ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní Ifẹ̀ kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí èbúté wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ ti dùn jù, tó sì ti dunni jù, ni Igbó Olókun. Ní ọdún 1910 ni Leo Frobenius, ará Jámánì, dé ìlú náà. Ó gbọ́ pé nínú igbó yìí ni wọ́n ti ń wa ìlẹ̀kẹ̀. Orí idẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní orí Olókun. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, wọn a sì hú u síta nígbà ọdún. Frobenius fẹ́ gbé e lọ, ṣùgbọ́n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà fi ipá mú un láti dá a padà. Síbẹ̀, àwọn ère amọ̀ sísun bá a dé Berlin. Ó wá kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣẹ́ tó dára tó yìí kò lè ti ọwọ́ wa wá, pé àjẹkù ìlú Atlantis inú ìtàn àwọn Gíríìkì ni, pé Olókun wa kò ju Poseidon wọn lọ. Ẹni tó jókòó ti àwọn olùbọ, tó bi wọ́n léèrè, tó sì gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu wọn, ló tún kọ irú èyí.

Inú igbó kan náà ni èsì ti wá lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún. Abidemi Babatunde Babalola walẹ̀ níbẹ̀, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000, pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn èròjà inú dígí náà wò, kò bá èyí tó ń ti òkèèrè wá mu. Àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n pò ó, láàárín nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, a sì ti rí irú rẹ̀ títí dé Gao ní ilẹ̀ Mali. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro orúkọ igbó náà. Ifẹ̀ jìnnà sí òkun. Kí ni Olókun ń wá níbẹ̀? Ọrọ̀ ni, ìlẹ̀kẹ̀ sì ni ọrọ̀ náà. Iná ìléru ti kú, àwọn tó mọ bí a ti ń yọ́ dígí láti inú yanrìn ti lọ, ṣùgbọ́n àwọn olùbọ kò jẹ́ kí orúkọ ẹni tó ni ọrọ̀ náà sọnù. Èyí tó wá dunni ni pé igbó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ilé ni mo bá lórí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú kànga, àti aṣọ tí wọ́n sá lé okùn. A kò lè bá àwọn tó ń gbébẹ̀ wí. Ilé ni gbogbo ènìyàn ń wá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ iye tó kù lábẹ́ àwọn yàrá wọ̀nyẹn.

Irú ìkọ́lé bẹ́ẹ̀ náà ló hú púpọ̀ nínú àwọn orí idẹ olókìkí jáde. Ní 1938, ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, ni wọ́n ti kàn wọ́n. Kó tó pẹ́, ọ̀kan ti dé London, méjì ti bá William Bascom lọ sí Amẹ́ríkà. Òun dá tirẹ̀ padà ní 1950. Ní 1957 ni ti Ìta Yemòó tún yọ. Ẹ fi wé ìbòjú Ọbalùfọ̀n tí wọ́n fi bàbà rọ: wọn kò rì í mọ́lẹ̀, wọn kò sì tà á, ààfin ló wà láti ayébáyé títí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìdí ni pé Ọbalùfọ̀n ní olùbọ, gbogbo ayé sì mọ orúkọ ẹni tí ìbòjú náà jẹ́ tirẹ̀. Àwọn orí Wúnmọníjẹ̀ kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀, títí di òní ni a sì ń jiyàn lórí ẹni tí wọ́n jẹ́.

N kò ní pẹ́ lórí Òkè Ìtasẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún ní oṣù kẹfà fún ọdún Ifá. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo ní fún ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́: ẹ má ṣe gbé àpáàdì nílẹ̀ Ifẹ̀ bí ìrántí, bó ti wù kó kéré tó, ẹ má sì ya àwòrán ojúbọ kí ẹ tó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Erédò Súngbọ́ ló gbà mí lọ́kàn: yàrà àti odi tó yí ilẹ̀ ká fún nǹkan bí 160 kìlómítà, tí gíga rẹ̀ ń súnmọ́ mítà 20 níbò míràn. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀, tí ewé bo ojú ọ̀run, yóò mọ ohun tí ọkọ́ àti ọwọ́ ènìyàn lè ṣe. Ní Òkè-Ẹ̀rì ni ibojì Bílíkísù Súngbọ́ wà, àwọn Mùsùlùmí àti Krìstẹ́nì sì ń lọ síbẹ̀ lọ gbàdúrà, nítorí wọ́n gbà pé òun ni ọbabìnrin Ṣéba ayé Sólómọ́nì. Mo bọ̀wọ̀ fún àdúrà wọn, ṣùgbọ́n n kò gba ìtàn náà. Ayé Sólómọ́nì ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀ẹ́dógún ọdún. Erédò kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún lọ. Obìnrin ọlọ́rọ̀ tí ìtàn Ìjẹ̀bú sọ pé kò bímọ, tó sì fi iṣẹ́ yìí ṣe ìrántí ara rẹ̀, tó fún mi. Kò nílò adé ilẹ̀ mìíràn. Ibojì náà ní olùtọ́jú. Odi fúnra rẹ̀ kò ní, oko àti ilé sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni ibi tí mo ti rí ìdàkejì. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n ti ń gé igi ibẹ̀, àwọn ojúbọ sì ń wó. Àwọn aborè Ọ̀ṣun, pẹ̀lú Susanne Wenger tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí, dìde sí i, wọ́n tún ojúbọ mọ. Ní 1965, ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè; ní 2005, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ibi tó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Igi kò léwu mọ́. Omi ló kù. Àwọn tó ń wa góòlù ní òkè odò, níhà Iléṣà, ti sọ odò Ọ̀ṣun di aláwọ̀ ẹrẹ̀, odò tí a ń pọn fún àgàn àti fún ọmọ tuntun. Odi kankan kò lè dá èyí dúró ní Òṣogbo.

Mo fi Ọ̀yọ́-Ilé ṣe ìkẹyìn, nítorí ó jìnnà, ọ̀nà rẹ̀ sì burú. Hugh Clapperton dé ibẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1826, ó bá Aláàfin lórí ìtẹ́. Kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ tí ìlú náà fi tú, tí Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọjà. Lónìí, inú ọgbà ẹranko ìjọba ni ahoro náà wà: odi tí koríko bò, ojú ọlọ lára àpáta, igi oṣè, àti àpáàdì nílẹ̀. Mo ń retí pé n ó bá ìtàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó sá lọ ti di í mọ́ ẹrù wọn. Ọjà Àkẹ̀sán wà ní Ọ̀yọ́ tuntun. Kòso, ojúbọ Ṣàngó, wà níbẹ̀, a sì ń mú Aláàfin tuntun dé ibẹ̀ kí ó tó gun orí ìtẹ́. Oyè Ìyá Nàsó, obìnrin ààfin tó ń tọ́jú ojúbọ Ṣàngó fún ọba, tilẹ̀ sọdá òkun pẹ̀lú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Ilé òrìṣà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, Ilé Àṣẹ Ìyá Nàsó Ọkà, wà ní Salvador ní ilẹ̀ Brazil. Ní 1984, ìjọba ibẹ̀ kà á kún ohun-ìní orílẹ̀-èdè tí òfin dáàbò bò, àkọ́kọ́ nínú gbogbo ilé Candomblé. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bí a ti ń kí Ṣàngó ní ọ̀nà ààfin Ọ̀yọ́-Ilé lè lọ síbẹ̀, tàbí kó lọ sí Kòso. Ní Ọ̀yọ́-Ilé gan-an, ẹfọ̀n ló ń jẹko lórí ilẹ̀ náà.