Àwọn Kwan: Ilé Ẹ̀kọ́ Ìjà Ní Kòríà Kí Taekwondo Tó Di Ti Ìjọba

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní taekwondo, wọ́n á ti kọ ọ́ sí ojú ewé kìíní pé iṣẹ́ náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún, pé àwọn ọ̀dọ́ jagunjagun Hwarang ti ilẹ̀ ọba Silla ló fi í sílẹ̀ fún ìran tó ń bọ̀. Ìtàn náà dùn létí, àmọ́ ó gba ògo lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Àwọn tó dá taekwondo sílẹ̀ kò ju ọkùnrin bíi mélòó kan lọ. A mọ orúkọ wọn, a mọ ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ, a mọ àdúgbò tí wọ́n ti ń kọ́ni. Àárín 1944 sí 1946 ni wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ wọn, nígbà tí ìlú wọn kò tíì mọ bí ọ̀la yóò ṣe rí. Kwan ni wọ́n ń pe ilé bẹ́ẹ̀, inú wọn ni púpọ̀ nínú àṣà àti ìwà tí ayé mọ̀ mọ́ ìjà Kòríà lónìí ti jáde.

Èmi kò sọ pé Kòríà àtijọ́ kò mọ ìjà o. Ìwé ìtàn ààfin Joseon, ilẹ̀ ọba tó wà ní Kòríà nígbà náà, sọ pé ní 1410, ìjà ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní subak ni wọ́n fi ṣa ọmọ ogun. Ẹni tó bá borí ẹni mẹ́ta ni wọ́n ń mú. Ní 1790, ìwé Muye Dobo Tongji jáde nípa àṣẹ Ọba Jeongjo. Ọ̀mọ̀wé ni Yi Deok-mu àti Park Je-ga tí wọ́n kọ ọ́, ọmọ ogun sì ni Baek Dong-su tó bá wọn ṣe é. Ọ̀nà ìjà 24 ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ìgbésẹ̀ wọn: idà, ọ̀kọ̀, ọ̀pá, ìjà orí ẹṣin. Ìjà ọwọ́ òfìfo gba apá kan péré, torí pé fún àwọn ológun ni wọ́n ṣe ìwé náà. Ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀gágun ní Joseon, ọfà títa ló gbọ́dọ̀ mọ̀ dáadáa kó tó lè yege nínú ìdánwò ìjọba, títí wọ́n fi pa ìdánwò ọ̀hún rẹ́ ní 1894.

Ti àwọn ará ìlú ni taekkyeon, ìjà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ṣe eré. Ẹsẹ̀ á máa jó síwájú sẹ́yìn, ẹni tí wọ́n bá gbá ṣubú tàbí tí wọ́n fi ẹsẹ̀ kàn lórí ti pòfo. Song Deok-gi, tí wọ́n bí ní Seoul ní 1893, kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ Im Ho ní ẹ̀bá òkè Inwang. Kò sí aṣọ kan pàtó, kò sí àmùrè, kò sí ìwé ẹ̀rí. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò òkè á sì kojú àwọn ti ìsàlẹ̀ nígbà àjọ̀dún. Nígbà tí àwọn ará Jàpáàn gba ilẹ̀ náà ní 1910, taekkyeon fẹ́rẹ̀ẹ́ parun pátápátá. Ọpẹ́lọpẹ́ Song Deok-gi tó tọ́jú rẹ̀ sínú ara títí ìjọba Gúúsù Kòríà fi kà á sí ogún ìlú ní 1983. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ló kú. UNESCO fi taekkyeon sínú àkójọ ogún àṣà aláìṣeéfọwọ́kàn rẹ̀ ní 2011.

Ibòmíràn ni àwọn kwan ti wá. Nígbà ìjọba Jàpáàn, ọmọ Kòríà tó bá fẹ́ kàwé gidi a máa wọkọ̀ ojú omi lọ sí Tokyo, níbẹ̀ ni díẹ̀ nínú wọn ti bá kàrátè pàdé. Lee Won Kuk tó ń kọ́ òfin àti Ro Byung Jick wà lára àwọn tó kọ́ ọ lọ́dọ̀ Funakoshi Gichin, ẹni tó gbé kàrátè láti Okinawa wá sí Tokyo. Yoon Byung In ti kọ́ ìjà àwọn ará Ṣáínà ní Manchuria kó tó débẹ̀. Ní Tokyo, òun àti ọ̀gá kàrátè Toyama Kanken jọ pààrọ̀ ìmọ̀, ohun tí ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n ń jọba lé lórí kì í sábà rí gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń jọba lé e lórí.

Lee Won Kuk ṣí Chung Do Kwan ní Seoul ní 1944, kí Jàpáàn tó kúrò. Lọ́dún kan náà, Ro Byung Jick ṣí Song Moo Kwan nínú gbọ̀ngàn àwọn tafàtafà kan ní Kaesong, àmọ́ àwọn ọmọ kò pọ̀, ó sì tì í láìpẹ́. Ọdún 1946 ló tó tún un ṣí, lẹ́yìn òmìnira Oṣù Kẹjọ 1945. Chun Sang Sup bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni nínú ilé júdò Chosun Yun Moo Kwan, Yoon Byung In sì bẹ̀rẹ̀ ní ilé YMCA ní Jongno. Ẹni tí ìtàn tirẹ̀ wú mi lórí jù ni Hwang Kee. Òṣìṣẹ́ ojú irin ni. Ó ṣí Moo Duk Kwan ní Oṣù Kọkànlá 1945 létí ibùdókọ̀ ojú irin Yongsan, ó pe ohun tó ń kọ́ni ní Hwa Soo Do, àwọn ènìyàn kò mọ ohun tó jẹ́, wọn kò sì wá. Nígbà tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Tang Soo Do, tí etí wọn ti gbọ́ rí, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ojú irin ló gbé e káàkiri: ibi tí wọ́n bá gbé wọn lọ ṣiṣẹ́, wọ́n á wá gbọ̀ngàn kan nítòsí ibùdókọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni Moo Duk Kwan ṣe di ilé tó tóbi jù láàárín gbogbo wọn.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń kọ́ni? Ilẹ̀ pákó ni dojang, ìyẹn gbọ̀ngàn ìdánrawò, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì fi ń tẹ̀ ẹ́, àti lákòókò òtútù Oṣù Kìíní tí omi ń dì. Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ kékeré ilé á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì ti àkísà tútù láti ògiri dé ògiri títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Wọ́n á tò sí ìlà, àwọn àgbà níwájú. Àgbà ọmọ á pàṣẹ, «Charyeot!», gbogbo ara á dúró gbọn-in. «Kyeongnye!», wọ́n á tẹríba fún àsíá, wọ́n á tún tẹríba fún ọ̀gá. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti fi ọdún 35 gba àsíá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìtẹríba àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á ya ẹsẹ̀ gbọọrọ, wọ́n á rọ orúnkún bí ẹni tó wà lórí ẹṣin, wọ́n á sì máa gbá ìkúùkù síwájú, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Àgbà ọmọ á máa kà á: hana, dul, set, net, títí dé yeol tó jẹ́ ẹẹ́wàá. Tó bá dé yeol, á tún bẹ̀rẹ̀ látorí hana. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò parí. Itan á máa gbọ̀n, òógùn á máa kán sórí pákó, ẹni tó bá sì dìde díẹ̀ láti sinmi, ọ̀gá á ti èjìká rẹ̀ padà sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń wá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í rí wọn mọ́. Àwọn tó kù ni wọ́n ń kọ́ ní fọ́ọ̀mù, ìyẹn ìgbésẹ̀ tí wọ́n ti tò tẹ̀léra, tí ènìyàn ń dá ṣe bí ẹni pé ọ̀tá yí i ká. Ní ọ̀pọ̀ kwan, Pyongan márààrún tí Itosu Anko ti Okinawa ṣètò ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́. Ẹyọ kan lè gba oṣù gbáko.

Òpó kan á wà ní igun ilé tàbí ní àgbàlá, dallyeonju ni wọ́n ń pè é. Igi ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n fi okùn koríko ìrẹsì wé lórí. Oríkèé ìka méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń gbá a lójoojúmọ́. Awọ á bó, á jinná, á tún bó, títí yóò fi yi. Ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń fọ́ pákó, bíríkì àti amọ̀ sísun tí wọ́n fi ń bo òrùlé. Mo gbà pé àṣejù wà nínú rẹ̀, pàápàá fún ọmọ tí eegun rẹ̀ kò tíì gbó. Àmọ́ ẹni tí kò ní ìbọ̀wọ́, tí kò ní ìhámọ́ra kankan, kò ní ohun mìíràn tó lè fi mọ̀ bóyá ìkúùkù òun lágbára.

Ìdí kan náà ló mú kí ìjà ìgbésẹ̀ kan wà. Àwọn méjì á kojú síra. Ọ̀kan á fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, á gbá apá sísàlẹ̀, á kígbe. Èkejì á kígbe padà láti fi hàn pé òun ti ṣetán. Ìkúùkù kan ṣoṣo ni ẹni àkọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí, ojú ni yóò sì gbá a sí pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Èkejì á yẹ̀ ẹ́, á ju tirẹ̀, á sì dá a dúró kó tó kan imú ẹnìkejì rẹ̀. Níbi tí ìkúùkù ti ń dúró yẹn ni mo ti rí ẹ̀kọ́ àwọn kwan dáadáa jù: wọ́n kọ́ ọmọ ní ohun tó lè fọ́ amọ̀, wọ́n sì kọ́ ọ láti dá a dúró nítorí ọmọ ilé rẹ̀.

Nínú kwan, bí ìyàwó ṣe ń gba ipò nínú agbo ilé wa, ọjọ́ tí èèyàn wọlé ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ẹni tó ṣáájú ni seonbae, ẹni tó tẹ̀lé e ni hubae. Hubae ló ń kí seonbae, ló ń gbé ẹrù rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ láìfi ọ̀wọ̀ sí i. Seonbae náà ló ń dúró lẹ́yìn ẹ̀kọ́ láti tún ẹsẹ̀ hubae ṣe, òun ló ń sanwó oúnjẹ tí wọ́n bá jáde. Wọ́n tún máa ń na hubae, a kò gbọ́dọ̀ bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ìyà yẹn wọ inú ilé ìwé àti bárékè, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Kíkúrò ní kwan kan lọ sí òmíràn jọ ọ̀dàlẹ̀. Nítorí náà, tí ìjà bá dé, ńṣe ni àwọn àgbà ọmọ ń lọ dá ilé tiwọn sílẹ̀. Láti ìdí Yoon Byung In ni Kang Duk Won ti yọ, láti ìdí Chung Do Kwan ni Jung Do Kwan ti yọ.

Ogun àárín Àríwá àti Gúúsù Kòríà, 1950 sí 1953, tú àwọn ilé wọ̀nyí ká. Chun Sang Sup àti Yoon Byung In pòórá sí ìhà Àríwá, wọn kò sì padà sáàárín àwọn ọmọ wọn. Kaesong bọ́ sọ́wọ́ Àríwá, Ro Byung Jick sì tún ilé rẹ̀ ṣí ní Seoul. Lee Won Kuk ti kọjá sí Jàpáàn. Àwọn ọmọ ló gba ilé lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá tí kò sí mọ́. Àwọn ọmọ Yoon Byung In ní YMCA pe tiwọn ní Chang Moo Kwan, àwọn ọmọ Chun Sang Sup pe tiwọn ní Jidokwan.

Ilé iṣẹ́ ológun ló gbé iṣẹ́ náà dìde. Ọ̀gágun Choi Hong Hi, tóun náà kọ́ kàrátè ní Jàpáàn, àti Nam Tae Hi, ọmọ Chung Do Kwan, ló ń kọ́ àwọn sójà. Níbi àfihàn kan níwájú Ààrẹ Syngman Rhee, Nam Tae Hi fi ìkúùkù kan fọ́ amọ̀ òrùlé 13. Rhee, tó ti dàgbà nígbà náà, sọ pé taekkyeon nìyẹn. Ọmọ kàrátè ni ẹni tó fọ́ amọ̀ náà o, àmọ́ ọ̀rọ̀ Ààrẹ ti ṣí ọ̀nà. Ní Oṣù Kẹrin 1955, Choi gbé orúkọ taekwondo kalẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ kan, wọ́n sì gbà á. Ìgbà yẹn ni ìtàn ẹgbẹ̀rún méjì ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Ó yé mi. Orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira kò lè máa sọ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó mú òun lẹ́rú lòun ti rí ohun ìyangàn òun. Síbẹ̀, nígbà tí a bá wo bí wọ́n ṣe sọ ìjà ọwọ́ yẹn di ìjà ẹsẹ̀, tí wọ́n gbé tapá lọ sókè orí, tí wọ́n ń fò yí ká nínú afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó tapá, láàárín ogún ọdún péré, iṣẹ́ ọwọ́ wọn tó yangàn láìsí Hwarang kankan.

Àjọ kan ṣoṣo ni ìjọba fẹ́. Ọdún 1961 ni wọ́n dá a sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ mìíràn, ó di Àjọ Taekwondo Kòríà ní 1965. Choi dá àjọ àgbáyé tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1966, ó sì gbé e lọ sí Kánádà ní 1972. Lọ́dún yẹn ni Kukkiwon, olú ilé taekwondo, ṣílẹ̀kùn ní Seoul. Ọdún kejì ni Kim Un-yong dá àjọ àgbáyé mìíràn sílẹ̀, èyí tó mú iṣẹ́ náà dé Olíḿpíìkì Sydney ní 2000. Wọ́n pa àwọn Pyongan tì, wọ́n fi àwọn fọ́ọ̀mù tuntun rọ́pò wọn: Palgwe, lẹ́yìn náà Taegeuk mẹ́jọ. Hwang Kee kọ̀, kò bá wọn dàpọ̀. Ó ti bá Muye Dobo Tongji pàdé ní 1957, inú ìwé yẹn ló sì ti gbé orúkọ Soo Bahk Do jáde fún iṣẹ́ tirẹ̀. Títí dòní, àmùrè àwọn àgbà ọmọ rẹ̀ kì í ṣe dúdú, búlúù tó ṣú bí òru ni.

Àwọn ọmọ Jidokwan wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ta ko dídá ìkúùkù dúró. Wọ́n ní ẹni tí kò bá kàn ọ̀tá rí kò lè mọ̀ bóyá òun lè kàn án, ni wọ́n bá wọ ìgbáyà, wọ́n sì ń gbá ara wọn tagbára-tagbára. Ìjà tí Olíḿpíìkì ń ṣe lónìí nìyẹn, òun náà ni Chika Chukwumerije fi gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà fún Nàìjíríà ní Beijing ní 2008.

Ní Kòríà lónìí, ọkọ̀ dojang ló ń lọ gbé àwọn ọmọdé ní ilé ìwé lọ́sàn-án. Wọ́n á fo okùn, wọ́n á ṣeré bọ́ọ̀lù, wọ́n á ṣe Taegeuk, ọkọ̀ á sì gbé wọn padà fún òbí tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ọmọ tó bá tẹra mọ́ ọn lè gba poom kìíní, ìyẹn àmùrè dúdú àti pupa ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, láàárín bí ọdún kan. Kukkiwon ló ń fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ní 1978, àwọn kwan fara mọ́ ọn pé àwọn kò ní í fi ìdánwò du Kukkiwon mọ́, wọ́n sì di ẹgbẹ́ ọmọ ilé kan náà. Àmọ́ wọn kò kú. Chung Do Kwan ṣì ní ààrẹ, àwọn àgbà rẹ̀ ṣì ń pàdé, ó sì ṣì ń fún àwọn ọmọ rẹ̀ tó bá béèrè ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ pẹ̀lú ti Kukkiwon.